Bí a ṣe ń pààrọ̀ kámù àti sípíríńgì fáàfù nínú Honda VTEC àtijọ́ láì fọ́ ẹ́ńjìnì

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ẹ́ńjìnì tí mo ní lọ́kàn, kí ẹlòmíì má lọ fi ọ̀rọ̀ mi tú nǹkan tí ò jọ ọ́. B-series ti Honda ni, àwọn DOHC VTEC (kámù méjì lókè, pẹ̀lú VTEC tí màá ṣàlàyé níwájú) tó wà nínú Civic àti Integra ayé àtijọ́: B16A, B16B, B18C. B16A ló kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1989 nínú Integra, 1,595 cc péré, tó sì ń mú 160 PS (agbára ẹṣin) jáde láìsí turbo, ìyẹn 100 PS fún lítà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 1995 Integra Type R dé pẹ̀lú B18C, 1,797 cc, 200 PS fún èyí tí wọ́n ń tà ní Japan. Èyí tó jẹ́ àbíkẹ́yìn nínú wọn gan-an ti lé lógún ọdún báyìí, torí náà bẹ́ ẹ bá ń ṣí i, ẹ rántí pé àgbàlagbà lẹ̀ ń ṣí aṣọ lára ẹ̀, ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sáré rà ni kámù tuntun, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lókè ẹ́ńjìnì láti ṣí fáàfù. Wọ́n á rà á, wọ́n á dè é mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, wọ́n á ṣáná, wọ́n á wá máa sọ pé ọkọ̀ ò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, tàbí kí fáàfù ti lọ kọ lu písítọ̀nù kó di pé wọ́n ń wá tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì) míì kiri. Kì í ṣe ẹ̀bi kámù o. Wọn ò wọn nǹkan kan ni. Nínú iṣẹ́ yìí, dídè bóòtì ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, wíwọ̀n ni gbogbo ìyókù, ìlànà tí mo sì ń tẹ̀ lé ni pé ohunkóhun tí mo bá fi sínú ẹ́ńjìnì, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ yí i kí kọ́kọ́rọ́ tó yí i.

Díẹ̀ nípa VTEC, kó lè yé wa bá a ṣe ń lọ. Fún fáàfù méjì kọ̀ọ̀kan, kámù ní ibi mẹ́ta tó yọ gọnbu, èmi máa ń pè wọ́n ní imú kámù, rọ́kà mẹ́ta, àwọn apá irin tó ń ti fáàfù, ló sì wà lábẹ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, imú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, èyí tó tóbi láàárín kàn ń tẹ sípíríńgì kékeré kan lásán ni. Tí ẹ́ńjìnì bá ti sáré dé ibì kan, kọ̀ǹpútà á ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì, ọ́ìlì á ti píìnì wọ inú rọ́kà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á di ọ̀kan ṣoṣo, imú ńlá á wá gba àṣẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí òun ló ń tan àwọn èèyàn jẹ nígbà tí wọ́n bá ń wọn àyè láàárín fáàfù àti písítọ̀nù. Màá padà síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ yẹ ẹ́ńjìnì wò ná. Kámù tuntun nínú ẹ́ńjìnì tí rìńgì ẹ̀ ti jẹ ò ní ju ariwo lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ já iná distribútọ̀, ẹ já ti injẹ́tọ̀ náà kí pẹtiróòlù má baà máa fọ ògiri sìlíńdà, ẹ tẹ tọ́túù mọ́lẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ wá fi géèjì kọ̀ḿpúrẹ́ṣọ̀n wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ká mi lára jù kì í ṣe bí nọ́ḿbà ṣe ga tó, bí wọ́n ṣe sún mọ́ra ni. Ìwé Honda sọ pé ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù ò gbọ́dọ̀ ju 200 kPa lọ, ìyẹn bíi 28 psi. Tí mẹ́ta bá wà lókè tí ọ̀kan wá ṣubú, ẹ ti rí iṣẹ́ yín nìyẹn, kì í sì í ṣe kámù.

Èyí tó tún dáa ju ìyẹn lọ ni leakdown, tẹ́ ẹ bá ní irinṣẹ́ ẹ̀. Ẹ ti písítọ̀nù dé òkè téńté, kẹ́ ẹ fi atẹ́gùn sínú sìlíńdà, kẹ́ ẹ wo ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sá jáde. Kò tó mẹ́wàá, ó dáa. Ó lé ní ogún, ẹ dúró. Etí ló wá kù: tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ fíìì níbi tọ́túù, fáàfù afẹ́fẹ́ ló ń jò, tó bá jẹ́ nínú sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni, tó bá jẹ́ ibi tá a ti ń da ọ́ìlì, rìńgì ni, tí omi ráìdíétọ̀ bá ń hó ìfófòó láìgbóná, ẹ mọ̀ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn.

Tí ara ẹ̀ bá yá, ẹ wá máa rajà. Kámù méjì, ti afẹ́fẹ́ àti ti èéfín, láti ọwọ́ ẹni kan náà, pẹ̀lú káàdì wọn. Kámù tí ò ní káàdì, èmi ò ní fọwọ́ kàn án, torí orí káàdì yẹn ni wọ́n kọ bí fáàfù ṣe máa ṣí tó sí, iye dígírì tó máa fi wà ní ṣíṣí, àti ibi tí àárín imú ẹ̀ yẹ kó bọ́ sí. Sípíríńgì pẹ̀lú rítéńà, ìdérí tó ń di sípíríńgì mọ́ fáàfù, tí wọ́n sọ pé ó bá kámù yẹn mu. Kámù gíà tó ṣe é yí, ìyẹn púlì ẹnu kámù. Síìlì orí fáàfù tuntun, síìlì kámù, gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́fà òkè, táímíńgì bẹ́líìtì, tẹ́ńṣọ́nà tó ń mú bẹ́líìtì le, àti páḿpù omi torí bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí i, ẹ ò sì ní fẹ́ tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lóṣù mẹ́fà sí ìgbà yẹn nítorí omi tó ń kán. Ẹ wo àwọn sípíríńgì kékeré tó wà lábẹ́ rọ́kà àárín náà, àwọn tí Honda ń pè ní lost motion: tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ tí ò ta padà ṣámúṣámú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ má ra kámù tó tóbi jù nínú káàdì torí pé ó tóbi jù. Ẹ́ńjìnì tí kọ̀ḿpúrẹ́ṣọ̀n ẹ̀ ò ga, tí sàlẹ́ńsà ẹ̀ ṣì há, tó ṣì ń lo kọ̀ǹpútà tó bá ilé iṣẹ́ wá, kámù ńlá á kàn gba agbára ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni, kò sì ní rí tòkè mú. Kámù tó tóbi díẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ tí wọ́n tò dáadáa máa ń na kámù gbàngbà tí wọ́n kàn dè mọ́ ọn.

Títú u

Ẹ́ńjìnì tútù, bátìrì jíjá, fóònù lọ́wọ́ fún fọ́tò. Ẹ ya gbogbo wáyà àti rọ́bà kẹ́ ẹ tó yọ wọ́n, ẹ lẹ bébà mọ́ wọn. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí àga irin, ẹ má sùn sábẹ́ jáàkì lásán o, kẹ́ ẹ yọ táyà iwájú apá òsì, torí apá ibẹ̀ ni bẹ́líìtì wà.

Ẹ́ńjìnì yìí ní ìwà kan tó yàtọ̀: tẹ́ ẹ bá dojú kọ púlì kíráǹkì (ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí písítọ̀nù ń yí), apá òsì ló ń yí sí, òdìkejì ọwọ́ aago. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì míì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ yí i, apá òsì nìkan. Tẹ́ ẹ bá yí i padà sápá ọ̀tún, bẹ́líìtì lè dẹ̀ kó sì fo eyín.

Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kó lè fúyẹ́, ẹ yọ kọ́fà òkè, kẹ́ ẹ yí kíráǹkì títí sìlíńdà kìíní fi dé TDC, ìyẹn ibi tí písítọ̀nù ẹ̀ ti wà lókè téńté. Ẹ á mọ̀ pé ẹ ti débẹ̀ tí UP ara púlì kámù méjèèjì bá wà lókè, tí ìlà ara wọn sì kọjú síra wọn, tí àmì funfun ara púlì kíráǹkì sì bá atọ́ka mu. Funfun o, ẹ má lo pupa, iná pọ́lọ́ọ̀gì ni pupa wà fún. Àwọn tó fi pupa ṣe TDC pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á wá jókòó sẹ́bàá ọkọ̀ máa ronú ìdí tí ò fi fẹ́ jí.

Bóòtì kíráǹkì ni baba wàhálà. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì 19 mm ni, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà láéláé. Ẹ wá irin tó ń di púlì mú, èyí tó ní ihò onígun mẹ́fà 50 mm, pẹ̀lú irin gígùn. Ẹ má fi starter tú u bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹ́ńjìnì tó ń yí sápá ọ̀tún, ńṣe ló máa tún de èyí le sí i, ẹ sì lè ṣẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ ò rò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi jáàkì pẹ̀lú pákó gbé ìdí súḿpù (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀) díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú ìjókòó ẹ́ńjìnì apá bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ yọ kọ́fà bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ dẹ tẹ́ńṣọ́nà, kẹ́ ẹ sì yọ bẹ́líìtì. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má fi kámù tàbí kíráǹkì ṣeré. Fáàfù àti písítọ̀nù ń pín àyè kan náà lò nínú ẹ́ńjìnì yìí, bẹ́líìtì nìkan ló ń bá wọn làjà.

Ẹ dẹ gbogbo sukúrúù rọ́kà. Bóòtì tó di kámù mú náà, ẹ má tú ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí ìkejì, ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyípo méjì-méjì, láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, torí sípíríńgì ń ti kámù sókè, tẹ́ ẹ bá tú apá kan sílẹ̀ kámù lè tẹ̀ tàbí kó dá. Àwọn ìdè irin tó gun kámù lórí, tí bóòtì yẹn ń dè mọ́lẹ̀, ní nọ́ḿbà àti lẹ́tà lórí, I fún afẹ́fẹ́, E fún èéfín, ẹ tò wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe wà, torí ilé iṣẹ́ gbẹ́ wọn pọ̀ mọ́ tọ́ọ̀pù yẹn ni, wọn ò ṣe é pààrọ̀ síra wọn.

Sípíríńgì, láì yọ tọ́ọ̀pù

Rọ́kà gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà ná. Ẹ kọ́kọ́ yọ orífíìsì tí ọ́ìlì ń gbà kọjá sí ọ̀pá rọ́kà, ẹ kọ ọ́ sí wọn lára èwo ni ti afẹ́fẹ́, èwo ni ti èéfín, torí wọn ò dọ́gba. Ẹ fi rọ́bà, àní rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó, so rọ́kà mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀ kí píìnì inú wọn má baà já bọ́. Bóòtì 12 mm tẹ́ ẹ bá fi sí ẹnu ọ̀pá rọ́kà lẹ máa fi fà á jáde. Rọ́kà ibi kan ò gbọ́dọ̀ lọ síbòmíì.

Wàyí o, tẹ́ ẹ bá tú sípíríńgì láìfi nǹkan gbé fáàfù dúró, fáàfù á já sínú sìlíńdà. Àwọn kan máa ń fi atẹ́gùn gbé e, ó dáa, àmọ́ atẹ́gùn lè yí kíráǹkì lójijì tí písítọ̀nù ò bá wà ní TDC gan-an, ẹ fi ọkọ̀ sí gíà kẹ́ ẹ fa hándíbréékì. Èmi fẹ́ràn okùn. Ẹ ki okùn nylon mímọ́ gba ihò pọ́lọ́ọ̀gì wọlé nígbà tí písítọ̀nù ṣì wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìdí okùn wà níta, kẹ́ ẹ wá rọra fọwọ́ yí kíráǹkì títí písítọ̀nù á fi fi okùn yẹn ti fáàfù mọ́ra. Okùn kì í jò, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Kíráǹkì nìkan lẹ̀ ń yí lásìkò yìí, kámù ti kúrò, gbogbo fáàfù yòókù ti padé, kò séwu.

Ẹ ki aṣọ mọ́ gbogbo ihò tí ọ́ìlì ń gbà sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ sípíríńgì àkọ́kọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kíípà kan, irin kékeré tó ń di rítéńà mọ́ fáàfù, tí ò ju èékánná lọ, fò, mo gbọ́ ìró ẹ̀, tín, mi ò rí i mọ́. Mo wá a nílẹ̀, nínú bàtà mi, nínú irun mi. Mo padà tú súḿpù, ibẹ̀ ló jókòó sí bí ẹni pé òun ò mọ nǹkan kan. Gbogbo ọ̀sán ló bá a lọ.

Ẹ pààrọ̀ síìlì orí fáàfù bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sípíríńgì tuntun sí i, ẹ wọn gíga tó máa dúró lé, ẹ fi wé káàdì ẹ̀. Ohun méjì ni mò ń wò níbí: nígbà tí fáàfù bá ṣí dé òpin, sípíríńgì ò gbọ́dọ̀ pa pọ̀ di irin kan, ẹ jẹ́ kí ó kéré tán 1 mm ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí rítéńà ò gbọ́dọ̀ kan síìlì, ẹ fi bíi 1.5 mm sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi kíípà sí i tán, ẹ fi òòlù rọ́bà lù ú lórí fẹ́ẹ́rẹ́ kí kíípà lè jókòó, ẹ fi aṣọ bò ó kẹ́ ẹ tó lù ú.

Àyè fáàfù àti písítọ̀nù

Kẹ́ ẹ tó fi sípíríńgì gidi sí sìlíńdà kìíní, ẹ dúró díẹ̀. Ibí ni VTEC ti ń tan èèyàn jẹ tí mo sọ lókè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ọgbọ́n amọ̀ ìṣeré: wọ́n á lẹ amọ̀ mórí písítọ̀nù, wọ́n á de gbogbo ẹ̀ padà, wọ́n á yí i, wọ́n á tú u, wọ́n á wọn bí amọ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó. Yàtọ̀ sí pé èèyàn gbọ́dọ̀ yọ tọ́ọ̀pù fún un, tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì ò sí níbẹ̀ tó máa ti píìnì, torí náà imú kékeré nìkan ló ń ṣí fáàfù. Amọ̀ á ní àyè wà rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá sáré dé ibi tí VTEC ti wọlé, imú ńlá á ti fáàfù débi tí amọ̀ ò mọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ yọ okùn, ẹ fi sípíríńgì tó rọ̀, irú èyí tí ìka lè tẹ̀, gbé fáàfù kan dúró, ẹ lẹ degree wheel (àwo tí wọ́n kọ dígírì sí) mọ́ kíráǹkì, ẹ gbé dial gauge (géèjì tó ń ka bí nǹkan ṣe rìn tó) lé orí rítéńà. Ẹ gbé kíráǹkì sí 10° lẹ́yìn TDC fún fáàfù afẹ́fẹ́, ẹ fìka tẹ fáàfù títí á fi kan písítọ̀nù, ẹ ka iye tó rìn. Ẹ ṣe é ní TDC, 5°, 10°, 15°. Fún fáàfù èéfín, ṣíwájú TDC ni kẹ́ ẹ ti wò ó, torí nígbà tí èéfín ń jáde tán ni písítọ̀nù ń lé e bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo káàdì: ní dígírì yẹn, báwo ni imú ńlá ṣe máa ṣí fáàfù tó? Ká ní fáàfù lè rìn 7 mm kó tó kan písítọ̀nù, tí imú ńlá sì máa ti ṣí i ní 4.5 mm, 2.5 mm ló kù. Òté tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ẹ́ńjìnì ń lò ni 2 mm ó kéré tán fún afẹ́fẹ́, 2.5 mm fún èéfín, torí fáàfù èéfín máa ń gbóná ju ìkejì ẹ̀ lọ, ó sì máa ń gùn sí i. Tí káàdì ò bá sọ iye fún dígírì kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe kámù náà.

Tí kò bá tó, ẹ má sọ pé ó ṣeé mú jẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí kámù gíà, tàbí kẹ́ ẹ gba kámù tó kéré. Ẹ fi sọ́kàn pé tẹ́ ẹ bá fa kámù afẹ́fẹ́ síwájú, àyè ẹ̀ ń dín kù. Tẹ́ ẹ bá ti kámù èéfín sẹ́yìn, tiẹ̀ náà ń dín kù.

Kámù wọlé

Ẹ dá rọ́kà padà, ẹ rí i pé sukúrúù wọn ṣì dẹ̀. Ẹ fọ kámù tuntun mọ́, òróró tí wọ́n fi pa á kó má dípẹtà kì í ṣe òróró ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ wá fi assembly lube (gíríìsì tí wọ́n fi ń to ẹ́ńjìnì) kun gbogbo imú àti ibi tó ń yí. Rọ́kà B-series ò ní bọ́ọ̀lù lẹ́nu, irin ló ń yọ̀ lórí irin, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ láyé kámù ló sì ń pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó, torí náà ẹ má ṣahun pẹ̀lú lube.

Ẹ gbé wọn sílẹ̀ kí ojú ihò ẹnu wọn tí irin kékeré tó ń di púlì mú ń wọ̀ kọjú sókè. Ẹ fi síìlì sí i, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì olómi tín-ín-rín sí ìdè tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tín-ín-rín o, torí èyí tó bá pọ̀ jù inú ọ̀nà ọ́ìlì ló ń lọ. Ẹ de bóòtì ní ìyípo méjì-méjì, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ wá fi torque wrench (sípánà tó ń wọn bí bóòtì ṣe le tó) parí ẹ̀: 27 Nm fún bóòtì 8 mm, 9.8 Nm fún 6 mm. Ihò kékeré kan wà lórí ìdè tó sún mọ́ púlì jù, irin 5 mm ló ń wọ ibẹ̀. Ẹ ki ọ̀kan sí kámù kọ̀ọ̀kan, wọn ò ní lè yí mọ́.

Bẹ́líìtì ní ètò tó ń bá wọlé: kíráǹkì, tẹ́ńṣọ́nà, páḿpù omi, kámù èéfín, kámù afẹ́fẹ́. Ẹ yọ irin 5 mm, mo tún sọ ọ́, ẹ YỌ irin 5 mm kúrò, kẹ́ ẹ tó yí nǹkan. Ẹ yí kíráǹkì ní ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà sápá òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá kan nǹkan, tó le lójijì, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi agbára kún un. Ẹ padà sí TDC, ẹ dẹ bóòtì tẹ́ńṣọ́nà ní ìdajì ìyípo, ẹ yí kíráǹkì sápá òsì títí eyín mẹ́ta lára púlì kámù á fi kọjá, kẹ́ ẹ de tẹ́ńṣọ́nà ní 54 Nm. Bóòtì kíráǹkì, 177 Nm ni. Tí gbogbo àmì bá ṣì bára mu ní TDC, a lè tẹ̀ síwájú.

Kíkà dígírì

Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibí yìí. Wọ́n á ní àmì ti bára mu, kí ló tún kù. Àmì tí ilé iṣẹ́ ṣe fún kámù ilé iṣẹ́ nìyẹn. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n ti gé díẹ̀ rí, gásíkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́lẹ́, kámù gíà olówó pọ́ọ́kú, gbogbo wọn ló lè sún un ní dígírì méjì mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ wá TDC gidi, ẹ má gbára lé àmì. Ẹ fi piston stop (irin tó ń dá písítọ̀nù dúró) sí ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ rọra fọwọ́ yí kíráǹkì títí á fi kàn án, ẹ ka dígírì. Ẹ yí i lọ sí òdìkejì títí á fi tún kàn án, ẹ tún kà á. Àárín méjèèjì ni TDC. Níbí nìkan ni mo ti gbà kẹ́ ẹ yí i sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún tẹ́ńṣọ́nà wò lẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́yìn náà, dial gauge lórí rọ́kà àárín, torí imú ńlá là ń wá. Ẹ yí i títí rọ́kà á fi rìn dé òpin, ẹ sọ gauge di òdo. Ẹ wá ka dígírì nígbà tó ku 1 mm kó dé òkè, àti nígbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní 1 mm. Ká ní ó jẹ́ 88° àti 128° lẹ́yìn TDC. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ dá a sí méjì, 108°. Tí káàdì bá ní 106°, kámù yín ti pẹ́ ní dígírì méjì kíráǹkì. Kámù ń yí ní ìdajì ìyára kíráǹkì, torí náà dígírì kan lẹ máa fi yí kámù fúnra ẹ̀. Ẹ wo bóyá àwọn tó ṣe gíà yín fi ti kíráǹkì tàbí ti kámù kọ nọ́ḿbà sí i, àṣìṣe ibẹ̀ pọ̀.

Àyè rọ́kà, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín rọ́kà àti imú kámù, ló kàn. B16A àti B18C pẹ̀lú kámù ilé iṣẹ́, 0.15 sí 0.19 mm ni ti afẹ́fẹ́, 0.17 sí 0.21 mm ni ti èéfín, ní ẹ́ńjìnì tútù. Kámù tuntun lè ní tiẹ̀ lórí káàdì, tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Sìlíńdà kìíní ní TDC, lẹ́yìn náà ẹ yí kíráǹkì ní 180° fún ìkẹta, 180° fún ìkẹrin, 180° fún ìkejì. Feeler gauge (ewé irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) gbọ́dọ̀ máa fà bíi ìgbà téèyàn ń fa bébà lábẹ́ ìwé wúwo, kò gbọ́dọ̀ dẹ̀, kò gbọ́dọ̀ há. Ẹ fìka ti rọ́kà àárín wò níbi kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kó máa dá rìn láìfa àwọn tẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dání. Èyí tó bá há, píìnì inú ẹ̀ ti lẹ̀, ẹ tú u.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jí

Ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ wo omi, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ já iná injẹ́tọ̀, ẹ fi starter yí i títí iná ọ́ìlì á fi kú. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó dá pọ́lọ́ọ̀gì padà kẹ́ ẹ ṣáná.

Tó bá jí, ẹ má jẹ́ kó máa gbọ̀n nílẹ̀ ní idle, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀ bí káàdì kámù ṣe wí, kí ọ́ìlì lè máa ta dé imú kámù. Ìró tíkí-tíkí tó dọ́gba, rọ́kà ni, kò burú. Ìró irin kan irin, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá gbóná, ẹ so service connector (ẹnu wáyà tí mẹkáníìkì ń so pọ̀ láti fi yẹ ọkọ̀ wò) pọ̀, ẹ fi táímíńgì láìtì wo àmì pupa, 16° ṣíwájú TDC ni, pẹ̀lú dígírì méjì sókè tàbí sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ yí distribútọ̀ títí á fi bá a mu.

Ẹ ò tíì lè sáré o. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣì rò pé kámù àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ OBD1 (irú kọ̀ǹpútà àtijọ́, OBD2 ló tẹ̀ lé e), wọ́n lè fi chip tàbí Hondata S300 sínú kọ̀ǹpútà wọn; tàwọn OBD2, àwọn èèyàn máa ń fi wáyà alárinà so kọ̀ǹpútà OBD1 mọ́ ọn. Wideband, géèjì tó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó sí pẹtiróòlù, nínú sàlẹ́ńsà jẹ́ dandan, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́túù mọ́lẹ̀, bíi afẹ́fẹ́ 12.8 sí 13.2 fún pẹtiróòlù ọ̀kan ni èmi ń wá fún ẹ́ńjìnì tí ò ní turbo, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí pẹtiróòlù ti pọ̀ jù, màá wá máa dín in kù. Iná pọ́lọ́ọ̀gì náà, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó yẹ kí VTEC ti wọlé, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́. Lórí dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó sáré lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú imú kékeré nìkan, kó tún sáré pẹ̀lú imú ńlá, ẹ gbé ìlà méjèèjì léra wọn. Ibi tí wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tò ó dáadáa, ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ gbà tó máa ń ta lẹ́yìn yẹn, ọkọ̀ á kàn máa fà lọ ni, àwọn ọ̀rẹ́ yín lè ní VTEC yín ò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Àti pé òpin eré tẹ́ ẹ bá fi sínú kọ̀ǹpútà, sípíríńgì yín ló ń pinnu ẹ̀, kì í ṣe ọkàn yín.

Lẹ́yìn bíi 500 km, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn nù, ẹ gé fílítà ẹ̀ wò: eruku dúdú díẹ̀ ò burú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ohun tó ń dán yinrin tó pọ̀, imú kámù kan ti ń jẹ, ẹ ṣí kọ́fà òkè kẹ́ ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wọn àyè rọ́kà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó máa ń yí padà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ dígírì kámù gíà méjèèjì, àyè rọ́kà tẹ́ ẹ lò àti kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yí bẹ́líìtì sórí bébà kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí mẹkáníìkì tó máa ṣí i lẹ́yìn yín ò ní mọ̀ pé kì í ṣe kámù ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀.